Ta Ló Ní Kí Ẹ Jẹ́ Kí N Borí?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: mi ò tíì dárí ji Jethro. Wòlíì ìjọ wa ti bá mi sọ ọ́, ọkọ mi ti bẹ̀ mí, mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí dídáríjì. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmú kan náà la jọ mu, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tó pa òwe yìí ti gbé nílé wa rí.

Yàrá iwájú ilé bàbá wa ní Niger Street la torí ẹ̀ jà. Nígbà tí bàbá wa wà láyé, kọ́kọ́rọ́ àti ìdè ilẹ̀kùn ló ń tà níbẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n ti yàrá náà pa, èkúté ń bímọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé òun ní ẹ̀tọ́ sí i. Èmi Olúfúnlọ́lá ni mo lé èkúté jáde. Mo gbá a, mo kùn ún, mo gbé tẹlifíṣọ̀n sí i àti ẹ̀rọ géèmù tí àwọn ọmọ ń pè ní píẹ́ẹ̀sì, mo fa iná sólà sí i kí NẸ́PÀ má baà sọ mí di aláwàdà. Àràárọ̀ ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adáídáítà ní Kano níbí láti Hotoro, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé, wá ṣí i. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, àwọn ọmọ tó ń sanwó ta géèmù á kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń yan láàárín ẹgbẹ́ mi.

Nígbà tí yàrá wá mọ́ tán, tó ń dán, ojú Jethro wá là. Bísíkíìtì ló ń kó láti ilé iṣẹ́ kan ní Bompai, ó ń pín in fáwọn ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibi tóun ń kó ọjà sí ti há. Kò bá mi sọ ọ́ o. Màmá ló lọ bá, lẹ́yìn náà ó lọ bá Bàbá Àgbà. Ohun tó sọ fún wọn ni pé obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, kí ló tún ń wá nílé bàbá ẹ̀, àti pé eré ọmọdé lásánlàsàn ni mò ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà tí mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́. Mo gbé abọ́ náà kúrò níwájú mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni Bàbá Àgbà. Ọládiméjì lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹni tó lè pè é bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé. Orí òkè ilé yẹn ló ń gbé, alàgbà ni nínú ìjọ Àládùúrà tí gbogbo wa ń lọ, òun sì ni olórí ẹbí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde, ó parí, kò sẹ́ni tó ń yí i padà. Nírọ̀lẹ́, abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé ló máa ń jókòó sí, tòun ti ọpọ́n ayò ẹ̀. Múdàṣírù, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tiwa, ló máa ń bá a ta á jù. Bàbá Àgbà ló máa ń jẹ. Lójoojúmọ́ ló ń jẹ. Bó bá ti jẹ, á rẹ́rìn-ín títí fìlà á fi já bọ́ lórí ẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa kí i ní ọ̀ta ayò.

Ó gbọ́ ẹjọ́ èmi àti Jethro tán, ó ní òun ò lè dájọ́ ohun tóun ò fojú rí. Ó ní ní Sátidé, tóun bá ti bọ́ sùtánà, òun fúnra òun á sọ̀kalẹ̀ wá jókòó nídìí géèmù náà, òun á ta á. Bóun bá rí i pé iṣẹ́ gidi ni, pé ó ń gba ọpọlọ, kí yàrá wà lọ́wọ́ mi. Bó bá jẹ́ ariwo lásán ni, kí Jethro kó bísíkíìtì wọlé. Ohun méjì péré lóun ò fẹ́: òun ò fẹ́ bọ́ọ̀lù, nítorí ariwo ẹ̀ máa ń bá òun nídìí àdúrà, òun ò sì fẹ́ kí ènìyàn máa yìnbọn pa ènìyàn. Mo ní kò burú, sà, gànúwà wà.

Gànúwà ni Hausa ń pe odi tó yí ìlú Kano àtijọ́ ká. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni wọ́n fi orúkọ yẹn pe irú géèmù kan, nítorí odi ni ènìyàn ń ṣọ́ níbẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní ẹnubodè tàbí ilé kan. Ọ̀tá á máa bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. O ò ní lé wọn kiri. Ilé ìṣọ́ ni wàá máa kọ́ sí ipa ọ̀nà wọn, ilé ìṣọ́ náà á máa ta wọ́n lọ́fà. Bí ọ̀wọ́ kan bá ti lọ, wọ́n á fún ọ láyè díẹ̀ kí òmíràn tó dé. Ohun tó o bá fi àyè yẹn ṣe ló máa gbà ọ́ tàbí kó pa ọ́. Mẹ́ta nirú ẹ̀ tí mo ní. Wọn ò jọra wọn rárá, ẹni tó bá sì ní wọ́n jọra, ó ní láti jẹ́ Jethro.

Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n wéra fún yín, nítorí níbi ìfiwéra yìí ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni géèmù oko. Èèrà àti eṣú ni ọ̀tá, wọ́n fẹ́ jẹ iṣu inú abà. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, wọn ò jẹ́ yà kúrò lórí ẹ̀, bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ rán níṣẹ́ tó sì ń ṣọ́ ọ látẹ̀yìn. Àwọ̀ ẹ̀ dára, orin ẹ̀ dùn. O lè rọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí tí ọmọ tó ń tòògbé á fi borí. Ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di páàdì tí wọ́n fi ń ta á mú. Ṣùgbọ́n bó bá ti mọ́ ọ lára, á sú ọ, nítorí gbogbo ìgbà ló ń yìn ọ́ fún ohun tó ò ṣe.

Èkejì ni géèmù afárá. Ènìyàn méjì ló ń ta á pọ̀, ìwọ lápá ọ̀tún, ẹnìkejì ẹ lápá òsì, ẹ jọ ń náwó látinú àpò kan náà. Bí ẹ ò bá bára yín sọ̀rọ̀, ẹ kú nìyẹn. Ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi Richard kọ́kọ́ ta á, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la jẹun alẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn, ó ń fi ìwà ènìyàn hàn. Àléébù ẹ̀ ni pé ojú tẹlifíṣọ̀n máa ń kún jù, ẹyẹ lókè, ọkọ̀ nísàlẹ̀, iná lọ́tùn-ún lósì, bí wọ́n bá pa ọ́, o ò ní mọ ohun tó pa ọ́. Géèmù tí kò jẹ́ kó o rí àṣìṣe ẹ, kí ló fẹ́ kọ́ ọ?

Ẹ̀kẹta ni géèmù ẹnubodè. Àwòrán ẹ̀ ò dáa, kò lórin. Kò sí ojú ọ̀nà níbẹ̀ rárá, pápá gbalaja ni: ọ̀tá ń wọlé láti ìpẹ̀kun kan, ẹnubodè ẹ wà ní ìpẹ̀kun kejì. Àwọn ilé ìṣọ́ tó o bá kọ́ ló máa di ọ̀nà fún wọn. Ìwọ lo máa darí wọn, tí wọ́n á máa yí kiri títí á fi rẹ̀ wọ́n. Bó o bá dí gbogbo pápá pa, inú á bí wọn, wọ́n á wó ilé ìṣọ́ ẹ wọlé. O gbọ́dọ̀ fi àlàfo sílẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kó wà. Bó o bá fẹ́ yọ ilé ìṣọ́ kan kúrò, wàá di bọ́tìnì mú pẹ́, á bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, wàá tún un tẹ̀. Kò ṣeé rọ̀ sílẹ̀. Bó o bá pàdánù, wàá rí ibi tó o ti ṣìnà kedere, wàá sì bú ara ẹ. Òun lèmi bọ̀wọ̀ fún, òun ni mo fẹ́ gbé síwájú Bàbá Àgbà.

Àfi bí Màmá ṣe dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó jókòó tì mí, ó ní òun gbọ́ pé ọ̀kan wà tó le. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí àgbàlagbà, alàgbà ìjọ, jókòó níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, kí wọ́n máa nà án, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín? Mo ní Màmá, ohun tó le ló máa fi mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé dà? Ó ní inú àgbà tó bá dùn ló máa ń dájọ́ tó dùn. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ jiyàn, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n torí òun ṣe é. Inú bí mi dé góńgó, ṣùgbọ́n ìyá ni. Mo gbé géèmù oko jáde, mo sì rọ̀ ọ́ wálẹ̀ pátápátá.

Ní Sátidé, Bàbá Àgbà wọlé tòun ti ọ̀pá, gbogbo ènìyàn kí i. Àwọn ọmọ dìde fún un. Màmá wà níbẹ̀, Jethro fara ti ilẹ̀kùn, Múdàṣírù náà kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ wá wòran. Mo kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń di páàdì mú. Ó kọ́ ilé ìṣọ́ sí ibi tí kò wúlò, géèmù rọra dárí ji í. Ó gbàgbé ẹ̀yìn abà, èèrà kò gba ibẹ̀. Kò pẹ́, orin dún, òdòdó ń já bọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ń pariwo ní Hausa pé Bàbá ti jẹ ẹ́. Jethro ló pàtẹ́wọ́ jù. Mo wojú ẹ̀, mo rí i pé ó mọ ohun tó ń bọ̀.

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó gbé páàdì lélẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo tọ́jú ibẹ̀, ibẹ̀ mọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ohun tóun ò fojú kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, tóun jókòó tì lẹ́ẹ̀kan tóun sì borí, kò lè jẹ́ iṣẹ́. Ó ní eré ni, eré dídùn ni, ṣùgbọ́n a kì í fi yàrá ojú títì ṣeré. Ó ní kí Jethro kó ọjà ẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin ènìyàn, ìbínú tó gbé mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo wo Màmá tó ní kí n jẹ́ kó borí, ó ń wolẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, mo sì sọ ọ́ láti orí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò borí. Àwa la jẹ́ kẹ́ ẹ borí."

Màmá gbé ọwọ́ lérí. Jethro ní kí n pa ẹnu mi mọ́, ó ní "haba", ṣé orí mi ti yí ni. Mo ní mi ò ní pa á mọ́. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe rọ géèmù náà sílẹ̀, mo fi ibi tí wọ́n ti ń rọ̀ ọ́ hàn án, mo ní ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin á borí nínú ohun tí mo gbé fún un. Mo ní kì í ṣe pé iṣẹ́ ò sí níbẹ̀, àwa la kó iṣẹ́ pa mọ́ fún un nítorí ọ̀wọ̀, a sì fi ọ̀wọ̀ náà gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ojú mi ti ń ṣomi, ìyẹn tún bí mi nínú sí i.

Bàbá Àgbà ò bínú. Mo rò pé á gbé ọ̀pá bá mi, kò gbé e. Ó wo páàdì tó gbé lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, kò wò mí, Múdàṣírù ló wò. Ó bi í pé, "Ayò ńkọ́?"

Múdàṣírù ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó fọwọ́ gbọn òwú lára sòkòtò, ó tún un gbọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àgbà lẹ jẹ́."

Mi ò lè ṣàlàyé bí yàrá náà ṣe rí fún yín. Bàbá tí gbogbo Niger Street ń kí ní ọ̀ta ayò, fìlà ẹ̀ wà lórí ẹ̀ gbọningbọnin, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi gbogbo wa lápapọ̀ pé, "Ta ló ní kí ẹ jẹ́ kí n borí?" Ó ní kí n gbé èyí tí kì í ṣàánú ènìyàn wá.

Mo gbé géèmù ẹnubodè wá. Ohun tí gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ ta á máa ń ṣe lòun náà ṣe: ó dí gbogbo pápá pa kí ẹnikẹ́ni má wọlé, wọ́n sì wó o mọ́lẹ̀. Ó tún un ta, wọ́n tún wó o. Ó dìde, ó mú ọ̀pá ẹ̀, ó ní ìdájọ́ tóun dá lẹ́ẹ̀kan, òun gbà á padà. Ó ní ọjọ́ tóun bá borí ní tòótọ́, tí ẹnikẹ́ni ò ran òun lọ́wọ́, ọjọ́ náà lòun á dá òmíràn. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan yàrá.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i, á ní "o kú o", bí ẹni ń kí àlejò. Ó ní mo bọ́ àgbà síhòòhò lọ́jà. Bàbá Àgbà ò jókòó sábẹ́ dóńgóyárò mọ́, ọpọ́n ayò wà lórí òkè, eruku ń bò ó. Múdàṣírù ò lè wojú mi, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ nírọ́. Inú mi bàjẹ́ fún bàbá náà, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí pé wọ́n fẹ́ lé mi jáde lórí ìṣẹ́gun tí èmi fúnra mi gbé fún un, inú á tún bí mi.

Ọ̀sán-ọ̀sán ni Bàbá ń sọ̀kalẹ̀ wá. Á wá nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, á jókòó, á pàdánù. Bí mo bá la ẹnu láti fi ibì kan hàn án, á ní kí n fọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àlàfo sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí darí ọ̀tá lọ síbí, darí wọn lọ sọ́hùn-ún. Mo rí i tó di bọ́tìnì mú pẹ́ láti yọ ilé ìṣọ́ tí kò wúlò, tí géèmù bi í bóyá ó dá a lójú, tó tún un tẹ̀. Ó ti ń mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó wá bí mi nínú jù nígbà yẹn ni Jethro. Jethro tó ní eré ọmọdé ni! Ó gbọ́ pé ọjọ́ tí Bàbá bá borí ni wọ́n máa dájọ́, ó sì dá a lójú pé òun àkọ́bí ọkùnrin ni wọ́n máa dá a fún. Ó wá ń fi ọjà sílẹ̀ wá dúró lẹ́yìn Bàbá, á ní ẹ kọ́ ọ síbí, sà, ẹ má gbàgbé igun yẹn, sà. Ó ti kọ́ géèmù náà lórí fóònù. Mo ní ṣé o rí i pé ó ń gba ọpọlọ báyìí? Ó ní kí n gbé ẹjọ́ mi lọ sílé ọkọ mi. Bàbá lé e sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní òun sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà parí, ooru mú. Jethro ti ní kí ọkọ̀ kan gbé páálí bísíkíìtì wá láti Bompai, ó ní ó kàn ń kọjá ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà dúró ságbàlá wa láti àárọ̀. Màmá jókòó lórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí mi. Bàbá Àgbà ń ta, ọ̀wọ́ ń lọ, ọ̀wọ́ ń bọ̀, kò sí ọ̀tá kan tó kan ẹnubodè. Mo ti mọ̀ pé ọjọ́ náà nìyẹn. Ó ku ọ̀wọ́ ìkẹyìn. Àwọn ilé ìṣọ́ ẹ̀ tò lọ rẹrẹ, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, èmi gan-an ò lè tò ó báyẹn. Jethro ti yọ kọ́kọ́rọ́ tó rà fún yàrá náà láti àpò, ó ń fi í ṣeré.

Ní àyè tí wọ́n fún un kí ọ̀wọ́ ìkẹyìn tó wọlé, Bàbá Àgbà dúró díẹ̀. Ó wo Jethro. Ó wò mí. Ó darí lọ sí ilé ìṣọ́ igun, èyí tí gbogbo odi náà gbára lé, ó di bọ́tìnì mú pẹ́. Géèmù bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tún un tẹ̀. Ilé ìṣọ́ pòórá, ọ̀tá gba ibẹ̀ wọlé wìì, ó parí.

Jethro di orí mú. Bàbá ní háà, ọwọ́ àgbà mà ń gbọ̀n, ó di ọ̀la. Ó fẹ́ dìde. Jethro gbà á gbọ́, Màmá gbà á gbọ́, nítorí wọn ò wo ìka ẹ̀. Èmi wò ó. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè di bọ́tìnì mú pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì lè dáhùn ìbéèrè. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bó bá dájọ́, ó ní láti wo ọ̀kan nínú wa lójú kó ní kó lọ. Bó bá ń pàdánù lójoojúmọ́, yàrá á wà lọ́wọ́ mi, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń fún mi ní ìṣẹ́gun bí a ṣe fún un.

Ẹlòmíràn á dúpẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orí mi gbóná. Bàbá yìí ti dàgbà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni Jethro máa kó páálí wọlé, kò sì ní sí ẹni tó máa jẹ́rìí pé yàrá jẹ́ tèmi. Kí ni mo fẹ́ fi àánú abẹ́lẹ̀ ṣe? Mo dí i lọ́nà, mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, mo sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kó má baà jẹ́ pé mo tún dójú tì í.

"Bàbá, mo rí ìka yín. Ẹ má jẹ́ kí n borí. Ẹ borí, kí ẹ sì dá ẹjọ́ náà ní gbangba, kódà bó bá jẹ́ pé èmi ló máa lé jáde."

Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Bí géèmù ṣe máa ń bi ènìyàn gan-an ló ṣe bi mí. Mo ní ó dá mi lójú, bẹ́ẹ̀ kò dá mi lójú.

Ó jókòó padà. Ó tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn dé, ó yí kiri láàárín àwọn ilé ìṣọ́, ó sì tán síbẹ̀. Géèmù náà ò lórin, kò sí òdòdó tó já bọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé o borí, ó tán. Bàbá Àgbà bọ́ fìlà ẹ̀, ó nu ojú.

Ó pe Jethro síwájú. Ó ní àkọ́bí ni, òun ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi géèmù oko tan òun jẹ, òun rí bí Jethro ṣe pàtẹ́wọ́, òun sì ti wá mọ̀ pé ó mọ̀ pé wọ́n ti rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí òrùlé á máa jò lé mi lórí tó máa ní Bàbá, kò jò, mi ò lè fi iwájú ilé sílẹ̀ fún un." Ó ní ti Fúnlọ́lá ni yàrá, bóun bá wà láàyè o, bóun ò sí o. Ó ní kí Màmá gbọ́, kí Múdàṣírù tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́, òun á sì tún un sọ lójú ìjọ ní ọjọ́ Sunday. Ó tún un sọ lóòótọ́.

Jethro ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá ṣì ní ọ̀rọ̀ náà ṣeé sọ ní kọ̀rọ̀, mo ní kọ̀rọ̀ náà la ti wà látọjọ́ yìí. Ó ti ń dáhùn ìkíni mi báyìí, díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdájọ́ náà, kí ilé ẹ̀kọ́ tó jáde, Bàbá Àgbà gbé ọpọ́n ayò sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku ẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Múdàṣírù. Múdàṣírù jẹ ẹ́. Ó tún jẹ ẹ́. Bàbá ń bú u, ó ń bú ìyá tó bí i, ó ní olè ni, ó ní kí wọ́n tún un ta. Láti inú yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀, mo sì ń to àwọn àga, nítorí àwọn ọmọ ti fẹ́ dé.